Sáfà ọ̀fẹ́ wo ló máa ń ti àgádágodo HTTPS fúnra ẹ̀? Ọjọ́ èsì ìdánwò gan-an ni tiwa dójú tì mí

TísàKọ̀ǹpútà (Òṣogbo)

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni mò ń kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà ní iléèwé girama aládàáni kan níbí, èmi náà ni wọ́n sì ní kí n máa bójú tó wẹ́bùsáìtì láì fi kọ́bọ̀ kún owó oṣù mi, ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí. Sátidé tó kọjá la ní kí àwọn òbí wọlé wo èsì táàmù kejì. Aago mẹ́jọ ò tíì lù tí fóònù mi ti ń dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ẹni tó bá tẹ líńkì yẹn, "Your connection is not private" ni bráúsà ń kọ sí wọn lójú. Bàbá kan ní ṣé iléèwé ti di yahoo ni. Màmá tó ni iléèwé fúnra wọn pè mí, wọn ò pariwo, jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Ẹni tó ṣe sáfà yẹn fún wa, nginx (wẹ́ẹ̀bù sáfà) ló lò pẹ̀lú certbot (ètò tó ń lọ gba ìwé-ẹ̀rí HTTPS), ó ti japa lọ Kánádà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí mo wọ orí sáfà tí mo yẹ fáìlì ìwé-ẹ̀rí yẹn, èyí tó ń jẹ́ kí bráúsà gbà pé sáìtì wa ni lóòótọ́, wò, ó ní ó ṣì ku ọjọ́ 59. Bráúsà ní ó ti kú lánàá. Ta ló ń parọ́ nínú wọn? Ìgbà tó sú mi mo pa sáfà mo tún un tàn, ló bá ṣe rẹ́gí, títí di ìsinsìnyí mi ò mọ ohun tí mo ṣe.

Mo ti ra VPS tuntun (sáfà àyálò lórí íntánẹ́ẹ̀tì), Debian 12, RAM 1GB, mo fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ lọ síbẹ̀. Ohun tí mò ń wá ni wẹ́ẹ̀bù sáfà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí kóòdù ẹ̀ wà ní gbangba, tó máa lọ gba ìwé-ẹ̀rí fúnra ẹ̀, tó máa tún un gbà kó tó kú, tí mi ò ní máa jí lóru wò ó. PHP ni wọ́n fi kọ pọ́tà èsì, ètò CBT wa sì jẹ́ Python tó ń gbọ́ ní pọ́ọ̀tù 5000. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n lò?

---

Ògbólògbò_nginx

Tísà ẹ pẹ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì. nginx máa ń ka ìwé-ẹ̀rí sínú mẹ́mórì nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ tàbí nígbà tí a bá ní kó tún kà. certbot lọ gba tuntun nígbà tí ti àtijọ́ ku ọgbọ̀n ọjọ́, ó gbé e sínú fódà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ta nginx lólobó, nginx wá ń fi ti àtijọ́ han aráyé títí ìyẹn fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ọkùnrin tí ìyàwó ra aṣọ tuntun sí kọ́bọ́ọ̀dù fún tó ṣì ń wọ àkísà lọ òde. Ìgbà tí ẹ pa á tí ẹ tún un tàn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ fi èyí wo ohun tí sáfà ń fi han ayé gan-an, ẹ má wo fáìlì:

```
openssl s_client -connect ileewe.example:443 -servername ileewe.example </dev/null | openssl x509 -noout -dates
```

Mo lè búra pé `certonly --webroot` ni ẹni yẹn lò tí kò sì fi hook (àṣẹ tó máa ta nginx lólobó) sí i. Ìlà kan ṣoṣo ló ń yọ yín lẹ́nu:

```
certbot renew --deploy-hook "systemctl reload nginx"
```

Ẹ má tìtorí ìlà kan kó kúrò nílé tí ẹ ti mọ̀. nginx ti wà láti 2004, ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹnìkan ti béèrè ẹ̀ rí.

---

Ọmọ_Àkúrẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ògbólògbò, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, ìlà kan yẹn náà ni ẹni tó ṣe é gbàgbé, òun náà sì mọṣẹ́. Tísà ní àwọn ò fẹ́ nǹkan tí ẹnikẹ́ni lè gbàgbé.

Tísà, Caddy ni kí ẹ lò. Matthew Holt ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó jáde ní 2015, èdè Go ni wọ́n fi kọ ọ́, láísẹ́ńsì Apache 2.0 ló wà. Caddy 2 tí gbogbo wa ń lò báyìí jáde ní oṣù karùn-ún 2020. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé ẹ ò ní sọ pé ẹ fẹ́ HTTPS rárá. Ẹ ṣáà kọ orúkọ dòméènì yín, òun á lọ bá Let's Encrypt, àwọn tó ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́, fúnra ẹ̀, á gba ìwé-ẹ̀rí, á darí àwọn tó bá gba http wọlé síbi https, tó bá ku bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ ayé ìwé yẹn á tún lọ gba òmíràn. Ẹni tó gba ìwé náà ló ń lò ó, inú ètò kan náà ni, ẹjọ́ pé ẹnìkan ò sọ fún ẹnìkan ò lè wáyé.

Gbogbo ohun tí ẹ nílò nìyí, mi ò fi nǹkan kan pamọ́:

```
ileewe.example {
	root * /var/www/ileewe
	php_fastcgi unix//run/php/php8.2-fpm.sock
	file_server
}

cbt.ileewe.example {
	reverse_proxy localhost:5000
}
```

Ó parí. Ẹ lọ wo iye ìlà tí nginx yín ní kí ẹ wá sọ fún mi.

---

TísàKọ̀ǹpútà

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á. Ìlà 143 😭

---

Bàbá_Apache (Abẹ́òkúta)

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi pé Apache, wẹ́ẹ̀bù sáfà àwa àgbà, ti kú. Láti bíi 2018 ni Apache ti ní módù mod_md nínú, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Stefan Eissing ló ṣe é, Mozilla fún wọn lówó fún iṣẹ́ yẹn. Ẹ kọ `MDomain ileewe.example`, ẹ kọ `MDCertificateAgreement accepted`, Apache fúnra ẹ̀ á lọ gba ìwé, kò sí certbot kankan níbẹ̀. Mo ń lò ó fún sáìtì mẹ́fà.

Kí n má parọ́ ṣá, ìwé tuntun tí mod_md bá gbà, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa gbé e sí títí Apache á fi tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní cron (iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra ẹ̀ lásìkò) tó ń ṣe `apachectl graceful` ní gbogbo òru Sunday. Nítorí náà ìṣòro tí Tísà ní lè bá ẹni tó bá gbàgbé cron yẹn náà.

Ìbéèrè tèmi nìyí, kò sẹ́ni tó sì bi Tísà: àwọn tó kọ pọ́tà yẹn, ṣé wọ́n fi `.htaccess` (fáìlì òfin Apache tó ń sọ ẹni tó lè wọ fódà) sínú àwọn fódà ẹ̀? Nítorí nginx ò ka `.htaccess`, Caddy náà ò kà á. Tó bá jẹ́ pé `.htaccess` ni wọ́n fi tilẹ̀kùn fódà kan, ìlẹ̀kùn yẹn ti wà ní ṣíṣí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e sórí nginx. Ẹ lọ wo fódà backup, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ nínú bráúsà tí ẹ ò lọ́ọ̀gì ìn sí.

---

TísàKọ̀ǹpútà

Bàbá.

Ó ṣí.

Fáìlì .sql kan wà níbẹ̀, bí mo ṣe tẹ orúkọ ẹ̀ sínú bráúsà, ó sọ̀ kalẹ̀ sórí fóònù mi wẹ́rẹ́ bí ẹni ń gba fọ́tò. Orúkọ àwọn ọmọ, nọ́ḿbà àwọn òbí, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí.

---

Bàbá_Apache

Ẹ fara balẹ̀. Ẹ gbé e kúrò lábẹ́ /var/www báyìí, ẹ gbé e sí ibi tí wẹ́ẹ̀bù sáfà kankan ò lè débẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ kọ òfin tó máa dí i, ẹ GBÉ E KÚRÒ. Lẹ́yìn náà ẹ wo .env, ẹ wo .git (ibi tí pásíwọ́ọ̀dù àti kóòdù máa ń fara pamọ́ sí), ẹ pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù détábéèsì. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wo access log yín (àkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tó wá) bóyá ẹnìkan ti gbà á rí.

---

Àǹtí_Peckham (London)

Bàbá, Olúwa á bá wa dá yín sí o, ìbéèrè yẹn tó owó. Tísà, tí ẹ bá ti rí i nínú log pé ẹnìkan tí kì í ṣe ẹ̀yin gbà á, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún màmá oníléèwé, nítorí òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 wà ní Nàìjíríà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń gbé mì. HTTPS ò ní kí ẹnikẹ́ni má gba fáìlì yẹn, ṣe ló kàn máa gbà á láìsí ẹni tó ń yọjú wò ó lọ́nà.

Lórí ohun tí ẹ béèrè: iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí láti bí ọdún mẹ́wàá nìyí, mo ti lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ "àfọwọ́ṣe" fi ti parí pátápátá. Let's Encrypt, ẹgbẹ́ tí kì í jẹ èrè tó ń jẹ́ ISRG ló ni ín, oṣù kejìlá 2015 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé. Ọjọ́ 90 ni wọ́n fún ìwé-ẹ̀rí láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n bá jí má wúlò pẹ́ àti kí ó le fún ẹ̀dá láti máa fọwọ́ ṣe é. Ní oṣù kẹrin 2025 CA/Browser Forum, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí àti àwọn tó ń ṣe bráúsà, wá dìbò pé gbogbo ìwé-ẹ̀rí, tọ̀fẹ́ tolówó, ó gbọ́dọ̀ máa kúrú sí i: ọjọ́ 200 láti oṣù kẹta 2026, 100 láti oṣù kẹta 2027, 47 láti oṣù kẹta 2029. Ẹni tó bá ń fọwọ́ ṣe é nígbà yẹn, oṣooṣù ló máa máa ṣe é bí ẹni ń san owó iná.

Ohun mìíràn: tí ẹ bá ń retí ìmeèlì ìkìlọ̀ pé ìwé yín fẹ́ kú, Let's Encrypt ti dáwọ́ ẹ̀ dúró láti oṣù kẹfà 2025. Ìdákẹ́jẹ́ ni ẹ máa gbọ́.

Nítorí náà Caddy ni èmi náà mú fún yín. nginx ò burú rárá o. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀, ẹ sì ní kíláàsì láti kọ́.

---

Ògbólògbò_nginx

Ṣé ẹ rí i, gbogbo èèyàn á máa pariwo Caddy Caddy. Ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tí wọ́n ṣe ní 2017 ni? Wọ́n ní kí iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ lo èyí tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀, tó ti ṣe tán láti lò, máa sanwó láísẹ́ńsì, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n fi orúkọ àwọn onígbọ̀wọ́ sínú hẹ́dà gbogbo ìdáhùn tí sáfà ẹ bá fún àlejò. Sáfà tèmi ń polówó ọjà ẹlòmíì!

---

Ọmọ_Àkúrẹ́

Òótọ́ ni, ó ṣẹlẹ̀, mo sì bínú nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ tán ẹ̀gbọ́n: ariwo pọ̀, wọ́n yọ hẹ́dà yẹn kíá, nígbà tó di 2019 wọ́n pa ètò láísẹ́ńsì yẹn rẹ́. Kóòdù yẹn fúnra ẹ̀, Apache 2.0 ló wà látìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá lè fi kóòdù yẹn kọ́ tiẹ̀ fúnra ẹ̀ ò san nǹkan kan nígbà kankan.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti nginx náà. F5 rà á ní 2019. Oṣù kejì 2024, Maxim Dounin tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òpó ẹ̀ bínú kúrò, ó lọ dá freenginx sílẹ̀. Kò sí ilé tí wàhálà ò sí.

---

Ògbólògbò_nginx

Mo gbà. Kí n tún sọ èyí kí n tó lọ jẹun: nginx náà ti ń ṣe ACME (ọ̀nà tí sáfà fi ń gba ìwé-ẹ̀rí fúnra ẹ̀) tiẹ̀ báyìí. Oṣù kẹjọ 2025 ni wọ́n gbé módù kan jáde, èdè Rust ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ kọ `acme_issuer` àti `acme_certificate` sínú kọ́ńfíìgì, ó tán. Ọ̀dọ́ ni ṣá, mi ò ní gbé iléèwé lé e lórí lónìí.

---

RáútàBodìjà

e jowo e ma binu foonu mi o ni ami. emi o ni vps, kọmputa kekere kan wa ni ile mi ni ibadan ti mo n lo bi safa, rauta 4G ni mo fi so o mọ intaneeti. mo ti fi caddy sori ẹ, o n ja mi ku, ko gba iwe ẹri rara. mo ti ṣi pọọtu 80 ati 443 lori rauta. kini mo ṣe ti ko dara

---

Àǹtí_Peckham

Àbúrò, kò sí ohun tí ẹ ṣe tí ò dáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, àdírẹ́ẹ̀sì tí iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fún ráútà yín kì í ṣe ti yín nìkan, ẹ̀yin àti ọ̀pọ̀ oníbàárà lẹ jọ ń lò ó, CGNAT ni wọ́n ń pè é. Bíi face-me-I-face-you ni: nọ́ḿbà ilé kan ṣoṣo wà lójú títì, àlejò débẹ̀, ó ń kanlẹ̀kùn, ta ló máa mọ yàrá yín? Ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì tí ráútà ní lójú WAN (ìhà íntánẹ́ẹ̀tì). Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100.64 títí dé 100.127, òun gan-an nìyẹn, tí ẹ bá ṣí pọ́ọ̀tù ẹgbẹ̀rún kò lè ràn yín lọ́wọ́.

Ẹ lè fi DNS-01 gba ìwé-ẹ̀rí, ìyẹn ni pé dípò kí Let's Encrypt wá kanlẹ̀kùn, ẹ̀yin á kọ ìlà TXT kan sí `_acme-challenge` nínú DNS yín (ìwé tó ń sọ ibi tí orúkọ sáìtì ń gbé), wọ́n á kà á níbẹ̀. Ẹ máa nílò Caddy tó ní módù ẹni tó ń gbé DNS yín, xcaddy ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Àmọ́ ìwé nìkan nìyẹn, àlejò ṣì máa nílò ọ̀nà tí á gbà wọlé. VPS kékeré kan pẹ̀lú WireGuard (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) sí ilé yín ló máa yanjú ìyẹn.

---

RáútàBodìjà

100.81 ni. hmmm. ẹ ṣe gan ma. ọsẹ meji ni mo ti fi n ba rauta ja

---

TísàKọ̀ǹpútà

Mo padà dé o. Mo ti kó fáìlì sql kúrò. Mo wo log oṣù mẹ́ta, bot kan wá kan `/backup/` lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dá a lóhùn 403 nítorí kò mọ orúkọ fáìlì. Èmi nìkan ni mo gbà á. Mo ti sọ fún Màmá ṣá, wọ́n ní "Ọlọ́run ló yọ wá."

Mo fi Caddy sórí sáfà tuntun ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo yí DNS padà. cbt gba ìwé-ẹ̀rí tiẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú kan, inú mi dùn mo fẹ́ jó. Ojúlé gangan, ileewe.example, ò gbà. Ohun tí mo rí nínú `journalctl -u caddy` nìyí, mo gé e kúrú:

```
"challenge_type":"http-01","problem":{"type":"urn:ietf:params:acme:error:unauthorized",
"detail":"2001:db8:40::7: Invalid response from http://ileewe.example/.well-known/acme-challenge/...: 404"
```

Mo ti wo fáyàwọ́ọ̀lù, 80 àti 443 ṣí sílẹ̀. Ṣé orúkọ yẹn ni Let's Encrypt ò fẹ́ ni? Mo ti rísítáàtì lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

---

Ọmọ_Àkúrẹ́

Tísà ẹ DÚRÓ, ẹ má rísítáàtì mọ́! Tí ẹ bá kùnà ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín wákàtí kan lórí orúkọ kan, Let's Encrypt á ní kí ẹ lọ simi ná. Caddy fúnra ẹ̀ gbọ́n, tó bá kùnà ó máa ń fà sẹ́yìn, á máa fi staging (sáfà ìdánrawò Let's Encrypt) dán an wò.

Ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì tó wà nínú lọ́ọ̀gì yẹn. Ó ní kólọ́ọ̀nù nínú. IPv6 ni, irú àdírẹ́ẹ̀sì tuntun. Ṣé VPS tuntun yín ní IPv6 yẹn?

Ẹ ṣe `dig AAAA ileewe.example +short` kí ẹ sọ ohun tó bá dá yín lóhùn.

---

TísàKọ̀ǹpútà

Ó dá àdírẹ́ẹ̀sì kan padà... àdírẹ́ẹ̀sì sáfà àtijọ́ ni!! Mo yí A (ti IPv4) padà sí ti tuntun, mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé AAAA (ti IPv6) wà níbẹ̀.

---

Ọmọ_Àkúrẹ́

Ẹẹ́n. Let's Encrypt máa ń kọ́kọ́ gba IPv6 tó bá rí AAAA. Ilé àtijọ́ ló lọ kanlẹ̀kùn, nginx tó ṣì wà níbẹ̀ ní "mi ò mọ ohun tí ẹ ń wá", 404. Tí ilẹ̀kùn yẹn bá tilẹ̀ dákẹ́ ni, ì bá gbìyànjú IPv4, ṣùgbọ́n ó dáhùn, ó sì dáhùn òdì. Ìdí tí cbt fi gbà nìyẹn, orúkọ tuntun ni, A nìkan lẹ fún un.

Ẹ pa AAAA yẹn rẹ́, ẹ jẹ́ kí TTL (àsìkò tí àwọn ẹlòmíì fi ń rántí ìdáhùn àtijọ́) kọjá, kí ẹ wá rísítáàtì lẹ́ẹ̀kan.

---

Ayọ̀_Kọ̀nténà

Ẹ̀rín ń pa mí torí èmi náà ti jẹ ìyà lórí ìdíwọ̀n yìí, ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Inú Docker (ètò tó ń kó ètò mìíràn sínú kọ̀nténà) ni mo ti ń lo Caddy, mi ò fi vólúùmù (ibi ìpamọ́ tí kì í bá kọ̀nténà parẹ́) sí `/data`. Ìwé-ẹ̀rí ń bẹ nínú kọ̀nténà, gbogbo ìgbà tí mo bá da kọ̀nténà nù tí mo gbé tuntun dìde, ó ń lọ gba ìwé tuntun. Mò ń ṣàtúnṣe CSS o, CSS lásán, mò ń gbé kọ̀nténà dìde mò ń wó o. Ìgbà kẹfà, ó ní ìwé márùn-ún tó jọra la máa ń fún èèyàn lọ́sẹ̀ kan. Ọjọ́ Wẹ́sìdeè nìyẹn, oníbàárà mi fẹ́ ṣí sáìtì ní Fúráídeè. Mo ní láti gbé sáìtì yẹn sórí orúkọ mìíràn kí n lè rí ìwé gbà. Tísà, ẹ̀yin lo páckééjì Debian, abẹ́ `/var/lib/caddy` ni tiyín wà, ẹ má pa á rẹ́, ẹ fi kún báckọ́ọ̀pù.

Ẹni tó bá sì wà lẹ́yìn Cloudflare (iléeṣẹ́ tó ń dúró láàárín àlejò àti sáfà), ẹ má fi SSL ẹ̀ sí Flexible. Cloudflare á gba http wá bá Caddy, Caddy á ní kó lọ gba https, Cloudflare á tún gba http padà wá, wọ́n á máa yí po títí bráúsà á fi ní ó sú òun. Full (strict) ni kí ẹ fi í sí.

---

TísàKọ̀ǹpútà

Ó TI GBÀ Á. Àgádágodo ti dé. Mo fi fóònù mi wò ó, mo fi ti ìyàwó mi wò ó, mo fi ti aládùúgbò wò ó. Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an ni, Ọmọ_Àkúrẹ́, Ọlọ́run á gbé ẹ ga.

Ìbéèrè méjì ló kù. Èkíní, ẹnìkan tó ń ta hosting wá bá Màmá lọ́fíìsì, ó ní tọ̀fẹ́ ò lágbára, kí àwọn ra èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù mi lọ́dún. Èkejì, a ní láàbù CBT tí ò ní íntánẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà 24, sáfà kékeré kan ló ń gbé ìdánwò fún wọn. Àwọn ọmọ SS3 kan ti mọ bí wọ́n ṣe ń lo Wireshark, mo bá ọ̀kan tó ń ka pásíwọ́ọ̀dù ọ̀rẹ́ ẹ̀ lórí wáyà. Ṣé Caddy lè ti àgádágodo níbẹ̀ náà, nígbà tí Let's Encrypt ò lè débẹ̀?

---

Àǹtí_Peckham

Èkíní: ẹ sọ fún Màmá pé ìsọdàṣírí kan náà ni. Èyí tí wọ́n ń sanwó fún lè ní orúkọ iléeṣẹ́ yín nínú, ṣùgbọ́n àwọn òbí ò ní rí i, láti 2019 ni Chrome àti Firefox ti yọ orúkọ aláwọ̀ ewé yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì. Kí wọ́n fi owó yẹn ra bátìrì ínfátà fún láàbù.

Ọmọ SS3 yẹn, ẹ má lé e o, ẹ gbé iṣẹ́ fún un.

---

Bàbá_Apache

😂 Ẹ fi sí ìgbìmọ̀ ààbò. Mo fara mọ́ ọn pátápátá.

---

Ọmọ_Àkúrẹ́

Èkejì: bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kọ ọ́ báyìí lórí sáfà láàbù:

```
cbt.laabu.internal {
	tls internal
	reverse_proxy localhost:5000
}
```

Caddy á sọ ara ẹ̀ di ẹni tó ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí, á fún ara ẹ̀ ní ìwé tí ẹ̀mí ẹ̀ jẹ́ wákàtí 12, á máa tún un ṣe fúnra ẹ̀, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ìṣòro ẹ̀ kan ni pé àwọn kọ̀ǹpútà láàbù ò mọ Caddy yín rí, wọ́n á máa kìlọ̀. Ẹ gba `root.crt` lábẹ́ `pki/authorities/local` nínú fódà dátà Caddy, ẹ gbé e sórí fláàṣì, ẹ fi sínú ibi ìwé-ẹ̀rí tí Windows fọkàn tán lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Firefox máa ń ní àpò tiẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí náà tí Firefox ni àwọn ọmọ ń lò ẹ tún fi síbẹ̀. `root.crt` nìkan o, ẹ má kó `root.key` tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ sórí fláàṣì yẹn, àgàgà pẹ̀lú irú àwọn ọmọ tí ẹ ní!

Orúkọ yẹn náà ò sí nínú DNS ibì kankan, ẹ kọ ọ́ sínú ráútà láàbù tàbí fáìlì hosts.

---

Ògbólògbò_nginx

Mo padà láti ibi oúnjẹ. Ẹ ti gbé Tísà lọ. Kò burú. Tísà, sáfà àtijọ́ yẹn, ṣé ẹ ti pa á? Owó dọ́là ló ń jẹ lóṣooṣù, ìlẹ̀kùn `/backup` sì wà lórí ẹ̀ náà.

---

TísàKọ̀ǹpútà

Yéè! Mo ti gbàgbé ẹ̀ pátápátá. Mò ń lọ pa á báyìí.

Ti láàbù, fláàṣì kan ṣoṣo ni mo ní, kọ̀ǹpútà 24, iná sì máa ń dé ní aago méjì. Ọmọ Wireshark yẹn ní òun máa ràn mí lọ́wọ́ lórí ìlà ẹ̀yìn.